Ópàlì lásán: Bí wọ́n ṣe ń dá a mọ̀ àti ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n lọ̀ ọ́ láìsí omi

Tí wọ́n bá dárúkọ òkúta ópàlì, ohun tó máa ń wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni òkúta olówó iyebíye tó ń kọ mọ̀nà ní oríṣìíríṣìí àwọ̀. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ópàlì inú ilẹ̀ kì í kọ mọ̀nà rárá. Òmíràn funfun bíi wàrà, òmíràn pọ́n, òmíràn sì rí bí oyin.

Ópàlì lásán nìyẹn. Nítorí pé owó rẹ̀ kò ga, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbẹ́ òkúta fún ìgbádùn ara wọn ló ń fi kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n eruku tó ń jáde lára òkúta bẹ́ẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ títí láé.

Kí ló ń di ópàlì?

Sílíkà, èròjà kan náà tó wà nínú iyanrìn, àti omi ló para pọ̀ di ópàlì. Omi tó ń gba inú àpáta kọjá, pàápàá àpáta òkè ayọnáyèéfín, máa ń yọ́ sílíkà díẹ̀díẹ̀, á sì gbé e sínú ihò àti ojú ibi tó sán, níbi tó ti máa dì. Omi tó kù nínú òkúta náà sábà máa ń tó ìdá 3 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1960, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Ọsirélíà fi ẹ̀rọ máíkíróskóòpù rí i pé hóró sílíkà tíntìntín tó tò létòlétò ló ń mú kí ópàlì olówó ńlá kọ mọ̀nà. Ti ópàlì lásán kò tò bẹ́ẹ̀.

Báwo ni èèyàn ṣe lè dá a mọ̀?

Tó bá fọ́, ojú ibi tó ti fọ́ máa ń dán, á sì tẹ̀ kòtò bí ìgò tó fọ́. Ó fúyẹ́ ju òkúta quartz tó tóbi tó o lọ, quartz sì lè ha á lára.

Kí wọ́n tó gé e, ó dáa kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ síbi tó gbẹ fún oṣù díẹ̀. Àwọn ópàlì kan máa ń sán bí omi inú wọn bá ṣe ń gbẹ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Wọ́n á lẹ òkúta tí wọ́n gé mọ́ orí igi kékeré, wọ́n á lọ̀ ọ́ láti orí sáńpépà tó le dé orí èyí tó kúnná jù, wọ́n á wá fi ìyẹ̀fun cerium oxide dán an. Omi gbọ́dọ̀ máa kán sí i ní gbogbo ìgbà, nítorí ooru lè sán an.

Omi yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí eruku fò. Ẹni tó bá ń fa eruku sílíkà símú fún ìgbà pípẹ́ lè ní àrùn silicosis, tí kò ní ìwòsàn. Ó ti pa ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ òkúta ní Khambhat, lórílẹ̀-èdè Íńdíà. Ìbòmú aláṣọ kò tó láti dènà rẹ̀.

Kò sì yẹ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ yìí nínú ọgbà ilé tí ọmọdé wà. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara lọ́dún 2010, òjé ló pa àwọn ọmọdé tó lé ní 400, kì í ṣe sílíkà, àmọ́ eruku òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nínú agboolé ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ṣé ẹnikẹ́ni lè wà á ní Nàìjíríà?

Àpáta òkè ayọnáyèéfín wà ní agbègbè Jos àti Biu, àmọ́ kì í ṣe gbogbo irú àpáta bẹ́ẹ̀ ló ní ópàlì. Kódà tó bá ní, òfin ìwakùsà ọdún 2007 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ wà á gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ó rọrùn jù láti ra òkúta kéékèèké lọ́wọ́ oníṣòwò tó ní àṣẹ, kó sì pọnmi sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.