Ètò Àjùmọ̀ní àti Ètò Àdáni: Ẹ̀kọ́ Lára Kòkó

Bí ìbéèrè bá ní kí o ṣàlàyé ètò ọrọ̀-ajé àjùmọ̀ní àti ti àdáni, ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, má ṣe sáré lọ sí Rọ́ṣíà àti Amẹ́ríkà. Kòkó tí à ń sá ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ àti ní Èmùré tó àpẹẹrẹ fún ọ.

Ètò àjùmọ̀ní ni à ń pè ní sóṣálísíìmù. Nínú rẹ̀, ìjọba ni ó ń ṣe àkóso ilẹ̀, ilé-iṣẹ́ ńláńlá àti ọjà, kí èrè wọn lè kárí ará ìlú. Àwọn tí ó fara mọ́ ọn a máa sọ pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ètò àdáni ni kápítálísíìmù. Nínú èyí, olúkúlùkù ń fi owó ara rẹ̀ ṣòwò, ó ń jẹ èrè rẹ̀, ó sì ń ru àdánù rẹ̀. Òwe ti àwọn wọ̀nyí ni pé ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

Ní 1947, ìjọba amúnisìn dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa ra kòkó tí à ń kó lọ sí òkè òkun. Ní 1954, iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1977, ó di ti ìjọba àpapọ̀. Kíyè sí i pé èyí kì í ṣe sóṣálísíìmù pátápátá: àgbẹ̀ ni ó ni oko, ọjà nìkan ni ó wà lọ́wọ́ ìjọba. Àjọ yìí ni ó ń kéde iye tí a ó máa ra kòkó, nítorí náà àgbẹ̀ mọ iye tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí kòkó bá wọ́n lókè òkun, ọwọ́ àjọ ni èlé owó náà ń wà. Irú owó bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi ṣe iṣẹ́ ìlú ní sáà tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn Agbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968 nítorí owó-orí, owó kékeré tí wọ́n ń gbà lórí kòkó wà lára ẹ̀hónú wọn.

Ní 1986, ìjọba ológun tú àjọ náà ká. Ẹnikẹ́ni tí ó bá lówó lè wọ abúlé lọ ra kòkó. Owó rẹ̀ gbéra, nítorí àwọn oníṣòwò ń dù ú. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń ra èyí tí kò gbẹ, èyí sì ba orúkọ kòkó Nàìjíríà jẹ́. Bí ọjà bá sì já, àgbẹ̀ nìkan ni ó ń ru ú. Ní 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá dọ́là 10,000 ní ọjà àgbáyé. Ní 2025, ó wálẹ̀ gan-an.

Gánà ní tirẹ̀ kò tú àjọ rẹ̀ ká. Àbò wà fún àgbẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ní 2024, nígbà tí owó àgbáyé ga ju èyí tí ìjọba ń san lọ, àwọn kan ń fi kòkó ṣe fàyàwọ́.

Ní ìparí, má ṣe yin ọ̀kan kí o bú èkejì. Bi ara rẹ pé: ta ni ó ń dá iye, ta ni ó ń jẹ èrè, ta ni ó sì ń ru àdánù? Bí o bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, o ti ṣàlàyé.