Ọkọ̀ Tí Kò Lè Gun Òkè Mọ́

Toyota àlòkù tó gba èbúté Cotonou wọlé lè máa ṣe dáadáa ní ilẹ̀ títẹ́jú. Bó bá kó èrò àti ẹrù láti Savalou lọ sí Tchetti, òkè ni yóò tú àṣírí rẹ̀. Awakọ̀ á tẹ iná mọ́lẹ̀, ọkọ̀ ò ní sáré. Epo á sì máa tán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Knock sensor ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. Ohun kékeré ni, wọ́n dè é mọ́ ara blọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì, ó sì ń sọ gbígbọ̀n di iná mànàmáná. Ó yẹ kí epo àti afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà máa gbiná láti ibi pọ́lọ́ọ̀gì lọ. Bí epo ò bá dáa, èyí tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan á bú fúnra rẹ̀ kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa dún kẹ́kẹ́kẹ́. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, písítìnì lè lu. Tí sẹ́ńsọ̀ bá ta kọ̀ǹpútà ọkọ̀ lólobó, kọ̀ǹpútà á mú kí pọ́lọ́ọ̀gì pẹ́ díẹ̀ kó tó tanná. Písítìnì á bọ́ lọ́wọ́ ewu, ṣùgbọ́n agbára á dín kù.

Peugeot 504 tó fi ọdún pípẹ́ kó èrò káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò ní irú nǹkan báyìí: mẹkáníìkì ló ń fetí gbọ́ ìró kẹ́kẹ́kẹ́ náà, tó ń fọwọ́ yí disitiríbútọ̀ láti tún àkókò ìtanná ṣe. Ní 1978, Buick ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ yẹn lé ẹ̀rọ lọ́wọ́ nínú ọkọ̀ turbo rẹ̀.

Ní Benin, kò sẹ́ni tó lè wádìí ọ̀rọ̀ yìí kó fo kpayo, epo tí wọ́n ń fàyàwọ́ rẹ̀ láti Nàìjíríà, tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì. Ọwọ́ tó ń gbà kọjá pọ̀. Bí ẹnì kan bá bu kẹrosíìnì lé e, sẹ́ńsọ̀ tó ń jábọ̀ òótọ́ ni wọn yóò máa bú. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá wúwo láìsí iná ìkìlọ̀ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kí wọ́n kọ́kọ́ lo epo inú tánkì tán, kí wọ́n ra ti ilé-epo, kí wọ́n sì tún gun òkè kan náà.

Kóòdù P0325 lójú ẹ̀rọ àyẹ̀wò yàtọ̀ ní tiẹ̀. Kọ̀ǹpútà ò rí iṣẹ́ tó yẹ kí sẹ́ńsọ̀ rán sí i gbà dáadáa ni. Eku lè ti jẹ wáyà. Omi lè ti mú ìpẹtà wọ ibi tí wọ́n ti so ó. Bí wáyà bá dáa, mẹkáníìkì á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, á fi hámà kékeré gbá blọ́ọ̀kù jẹ́jẹ́ nítòsí sẹ́ńsọ̀, á máa wo àkókò ìtanná. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí àkókò náà bá fà sẹ́yìn, sẹ́ńsọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́.

Àyẹ̀wò yìí ṣe pàtàkì fún Camry àti Sienna onísìlíńdà mẹ́fà ti àtijọ́, torí abẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì ni sẹ́ńsọ̀ tiwọn sá pamọ́ sí, owó iṣẹ́ sì lè ju owó ọjà lọ. Bó bá di dandan kí wọ́n pààrọ̀ èyí tí bóòtù gba àárín rẹ̀ kọjá, nǹkan bí 20 Nm ni ọ̀pọ̀ ń fẹ́ kí wọ́n fi dè é. Bó bá le jù tàbí tó dẹ̀ jù, ìròyìn tí yóò máa fún kọ̀ǹpútà kò ní pé.