Ayò Ṣẹ́ẹ̀sì Tí Aago Ń Lé

Nídìí ayò ọlọ́pọ́n, ọ̀ta kì í ronú pẹ́ títí kí ó tó ta. Kí òǹwòran tó ṣẹ́jú, ó ti jẹ. Ti ayò ṣẹ́ẹ̀sì yàtọ̀, nítorí ẹni méjì lè jókòó tì í fún wákàtí 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà rẹ̀ kan wà tí kò gba ìjáfara rárá. Blitz ni orúkọ rẹ̀.

Ojú 64 ni ó wà lára pátákó ṣẹ́ẹ̀sì. Ọmọ ayò 16 ni ti ẹnìkọ̀ọ̀kan, ọba sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tí a bá ká ọba rẹ̀ mọ́, tí kò ríbi yẹ̀ sí, ni a pa láyò. Nínú ìdíje blitz ti àgbáyé, aago olójú méjì a máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó. Ìṣẹ́jú 3 péré ni ti ẹnìkọ̀ọ̀kan fún odindi eré kan, a ó sì máa fi ìṣẹ́jú àáyá 2 kún un nígbàkígbà tí ó bá ta. Bí ó bá ti ta tán, yóò tẹ aago, ti ẹnìkejì yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ẹni tí àkókò rẹ̀ bá tán lè pàdánù, bí ọmọ ayò rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀ jù. Nítorí náà, kò sí àyè láti yẹ gbogbo ọ̀nà wò. Ohun tí ojú ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni ọwọ́ ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní New York, ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ọdún 2024. Magnus Carlsen, ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè, àti Ian Nepomniachtchi, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ni wọ́n kù tí wọ́n ń du adé blitz ti àgbáyé. Eré 4 ni òfin là sílẹ̀ fún wọn. Carlsen jẹ 2 àkọ́kọ́. Bí ó bá ta ọ̀mì ẹyọ kan péré nínú 2 tí ó kù, adé di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Nepomniachtchi jẹ ẹ̀kẹta, ó sì jẹ ẹ̀kẹrin.

Òfin wí pé kí wọ́n máa ta á lọ títí ẹnìkan yóò fi jẹ. Wọ́n tún ta 3, ọ̀mì ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí àṣìṣe kan ṣoṣo lè gba adé lọ́wọ́ ẹni, olúkúlùkù a máa ṣọ́ra. Carlsen wá dábàá pé kí àwọn méjèèjì jọ gba adé náà. Àwọn aláṣẹ ìdíje gbà á láyè, ẹni méjì sì di olúborí, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí nínú ìdíje náà.

Àwọn kan yìn wọ́n. Àwọn mìíràn ní kò tọ́ kí a yí òfin padà nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́. Èyí ó wù kí ó jẹ́, ohun kan dájú: ẹni tí ó ṣíwájú kò tíì borí, níwọ̀n ìgbà tí aago bá ṣì ń lọ.