Ilé Ni A Ti Í Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ọ̀rọ̀ Lórí Owó Ìrànwọ́ Ẹ̀kọ́ Fún Akẹ́kọ̀ọ́ Àti Òṣìṣẹ́

 

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, bàbá kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ aránṣọ wá sí àsàláátù wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan. Ó di ìwé kan mú lọ́wọ́. Ìwé ìgbàwọlé ọmọbìnrin rẹ̀ sí yunifásítì ni. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò fi ayọ̀ náà hàn. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta ni ó ní, ó sì ti ta ọ̀kan nínú wọn. Ó wá bi wá bóyá kí òun ta èkejì, tàbí kí ọmọbìnrin náà jókòó sílé ná, kí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin parí ilé-ẹ̀kọ́ girama. Alhaja kan láàárín wa bi í léèrè pé, "Ṣé ẹ ti béèrè sikọ́láṣíìpù fún un?" Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Alhaja, ta ni èmi tí wọn yóò fi fún ọmọ mi? Àwọn tí ó mọ èèyàn lókè ni nǹkan bẹ́ẹ̀ wà fún."

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí ni ó fa àkọsílẹ̀ yìí. A kò ní sọ pé irọ́ pátápátá ni ó pa, nítorí gbogbo wa ni a mọ ilẹ̀ tí a wà. Ṣùgbọ́n ohun tí a ti rí láti ìgbà náà wá yé wa pé, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa tí wọn kò rí owó ìrànwọ́ gbà, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni lé wọn sẹ́yìn. Wọn kò béèrè rárá ni, tàbí kí wọ́n béèrè nígbà tí ilẹ̀kùn ti tì, tàbí kí ìwé wọn má pé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí wà ní ìkáwọ́ wa láti tún ṣe.

Ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ kì í ṣe ohun àjèjì sí wa

Lẹ́yìn ogun Badr, ìtàn sọ fún wa pé àwọn kan nínú àwọn tí a mú lẹ́rú kò ní owó tí wọn yóò fi ra ara wọn padà. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kọ, tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n kà nínú wọn, iṣẹ́ ni a gbé fún wọn: kí olúkúlùkù kọ́ ọmọ mẹ́wàá ní ìwé ní Mẹ̀dínà, kí ó sì máa lọ lómìnira. Ẹ wo bí àwùjọ tí kò ní lọ́wọ́ ṣe yááfì owó ìràpadà nítorí kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè mọ̀wé. Nítorí náà, ẹni tí ó béèrè ìrànwọ́ láti kàwé kò ṣagbe, kò sì sọ ara rẹ̀ di yẹpẹrẹ.

Mọ irú owó tí o ń béèrè

Oríṣi mẹ́ta ni owó yìí. Èkíní ni ẹ̀bùn, tí a kì í dá padà. Èkejì ni àwìn, tí a óò san. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó ní àdéhùn iṣẹ́ tàbí ti ìpadàbọ̀ nínú. Ẹni tí kò bá ka ìwé àdéhùn dáadáa lè gba èkejì kí ó sì rò pé èkíní ni.

Nínú ẹ̀bùn, àpẹẹrẹ kan tí ó wà nítòsí ni ti MTN Foundation, tí ó wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba. Àwọn tí ó wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì ni ó ń wò, ó sì ń béèrè pé kí èsì wọn tó 3.5 ó kéré tán. Ẹ kíyèsí ọdún kẹta yẹn. Ọmọ tí ó bá fi ọdún kìíní ṣeré, tí ó ní òun yóò tún un ṣe tí ó bá yá, èsì ọdún kìíní náà ni yóò fa èsì rẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí àǹfààní bá dé. PTDF, tí a dá sílẹ̀ ní 1973, wà fún àwọn tí ó ń kọ́ ìmọ̀ tí ó jẹ mọ́ epo rọ̀bì àti afẹ́fẹ́ gáàsì, ó sì ń ran àwọn tí ó fẹ́ gba oyè másítà àti oyè ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́.

Nínú àwìn, èyí tí gbogbo ilé ní láti mọ̀ ni ti NELFUND. Ní ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Ahmed Tinúbú kọ́kọ́ fọwọ́ sí òfin náà. Wọ́n tún un kọ, ó sì tún fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba ni ó wà fún. Owó ilé-ẹ̀kọ́ kì í gba ọwọ́ ọmọ kọjá. Ilé-ẹ̀kọ́ ni a ń san án fún. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ₦20,000 ni a là sílẹ̀ lóṣù fún oúnjẹ àti bùkátà ẹni tí ó bá béèrè fún un. Kò sí pé a ń wá onídùúró. Ọdún méjì lẹ́yìn tí ọmọ bá parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni sísan án yóò bẹ̀rẹ̀, agbanisíṣẹ́ rẹ̀ yóò sì máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀.

Ìbéèrè tí a máa ń gbọ́ jù ni pé: ṣé kò sí èlé nínú rẹ̀? Kò sí èlé nínú rẹ̀. Ìbẹ̀rù èlé ti mú kí àwọn òbí kan sọ fún ọmọ wọn pé kí ó má súnmọ́ ọn, wọn kò sì béèrè kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè ni gbèsè ń jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó níbi ìsìnkú mọ̀ pé ohun àkọ́kọ́ tí ààfáà máa ń béèrè ni bóyá òkú náà jẹ ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí ó bá gba owó yìí, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ilé sì mọ iye tí ó jẹ́. Kí ó má fi ₦20,000 ra fóònù tuntun.

Oríṣi kẹta pọ̀ nínú èyí tí ó ń gbéni lọ sókè òkun. Ẹ jẹ́ kí a ya á sọ́tọ̀.

Èyí tí ó wà lókè òkun

Orílẹ̀-èdè Tọ́kì ní ètò kan tí ó ń jẹ́ Türkiye Bursları. Nínú rẹ̀ ni owó ilé-ẹ̀kọ́, ilé gbígbé, owó oṣooṣù, ìtọ́jú ara, owó ọkọ̀ òfuurufú àti ọdún kan tí a ó fi kọ́ èdè Tọ́kì wà. Oṣù Kìíní sí oṣù Kejì ni wọ́n sábà máa ń gba orúkọ. Ẹni tí ó ń lọ fún oyè àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ tíì pé ọdún 21, ti másítà kò gbọdọ̀ tíì pé 30, ti ọ̀mọ̀wé kò gbọdọ̀ tíì pé 35. Ọmọ tí ó ti fi ọdún mẹ́ta jókòó sílé nítorí JAMB lè ti kọjá ọjọ́ orí yìí kí bàbá rẹ̀ tó gbọ́ nípa ètò náà.

Báńkì Ìdàgbàsókè ti Ìsìláàmù, tí ó fi Jeddah ṣe ibùjókòó, náà ní ètò ẹ̀kọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1983. Àwọn àwùjọ Mùsùlùmí ní orílẹ̀-èdè tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ báńkì náà ni a kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ fún. Nàìjíríà wọ inú báńkì náà ní 2005. Ìlànà tí a gbé e kà ni pé ẹni tí ó jàǹfààní rẹ̀ yóò dá owó náà padà láìsí èlé fún àwùjọ tirẹ̀, kí ọmọ ẹlòmíràn lè jẹ nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ wa lè kọ́gbọ́n nínú ìlànà yìí bí a kò tilẹ̀ ní owó báńkì.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín

Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ló rò pé ọjọ́ ti lọ fún àwọn. Ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í ti òwúrọ̀ ṣepin. Àwọn ètò kan wà tí kò tilẹ̀ gba ẹni tí kò tíì ṣiṣẹ́ rí. Chevening, tí ìjọba Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ ní 1983, ń san owó másítà ọdún kan ní Ìlú Ọba. Ó ń béèrè iṣẹ́ ọdún méjì, èyí tí wọ́n ṣírò sí wákàtí 2,800. Ó tún ń béèrè pé kí ẹni náà padà sílé fún ọdún méjì ó kéré tán lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó bá mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun kò ní padà, kí ó má fọwọ́ sí i, nítorí àdéhùn ni, ìbúra sì ń bi ni. Ní Jámánì, DAAD, tí a dá sílẹ̀ ní 1925, ní ètò EPOS fún àwọn tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì, tí oyè wọn tí ó kẹ́yìn kò sì ju ọdún mẹ́fà lọ. Olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba lè béèrè lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ nípa ti TETFund. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń fi orúkọ ránṣẹ́.

Nínú ìwé ìbéèrè, wọ́n sábà máa ń béèrè ohun tí o ti ṣe fún àwọn ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ àwọn arábìnrin wa máa ń fi àyè yẹn sílẹ̀ lófo. Ìwọ tí o ti fi ọdún mẹ́fà kọ́ ọmọ ní ilé-kéwú, tí o ń tọ́jú ìṣirò owó àsàláátù, tí o ṣètò oúnjẹ ìṣínu fún ọgọ́rùn-ún èèyàn, kí ni o pe ìyẹn? Iṣẹ́ olórí ni. Kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe rí, má fi kún un, má sì yọ kúrò nínú rẹ̀.

Ìwé tí kò bá ara wọn mu

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọmọ aránṣọ. A ràn án lọ́wọ́ láti béèrè ìrànwọ́ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ kan. Ọmọ náà yege ìdánwò. Nígbà tí wọ́n fi ìwé rẹ̀ wé ara wọn, lẹ́tà méjì nínú orúkọ rẹ̀ lórí ìwé WAEC yàtọ̀ sí ti NIN. Wọ́n fi orúkọ ẹlòmíràn rọ́pò tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ṣe é níbi. Lẹ́tà méjì ni.

Ẹ̀yin òbí, wàhálà yìí wọ́pọ̀ láàárín wa ju bí a ṣe rò lọ. Ààfáà kọ Rafiat sílẹ̀ ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kọ Rofiat, akọ̀wé tí ó ṣe NIN kọ Rafiah. Nurudeen di Nuruddin. Èyí tún burú fún àwa tí a ń gbé ní Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì tàbí Àbújá, níbi tí akọ̀wé ti ń kọ orúkọ ọmọ wa bí a ṣe ń pè é ládùúgbò tirẹ̀. Ní alẹ́ òní, ẹ kó gbogbo ìwé ọmọ yín jọ sórí ẹní kan: ìwé ọjọ́ ìbí, WAEC, NIN, BVN. Ẹ fi wọ́n wé ara wọn, lẹ́tà sí lẹ́tà, ọjọ́ sí ọjọ́. Bí ìyàtọ̀ bá wà, ẹ lọ tún un ṣe ní ọ́fíìsì tí ó fún yín ní ìwé náà, ẹ sì búra ní kóòtù bí wọ́n bá béèrè fún un. Èyí lè gba oṣù púpọ̀, ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ dúró dìgbà tí fọ́ọ̀mù bá jáde.

Èkejì ni ìwé ẹ̀rí ọmọ-ìbílẹ̀. Owó ìrànwọ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń fún akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ ìpínlẹ̀ náà ni ó wà fún. Ọmọ tí a bí ní Kánò, tí ó dàgbà ní Kánò, ìjọba ìbílẹ̀ bàbá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, Ìwó tàbí Ọ̀ffà ni yóò ti gba ìwé yìí. Nígbà tí ẹ bá lọ sílé ọdún Iléyá, ẹ mú ọmọ náà dání, kí ẹ sì tètè dé kí ọ́fíìsì tó tì fún ìsinmi.

Igi gogoro má gún mi lójú

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn gbájúẹ̀. Chevening kì í gba owó fọ́ọ̀mù, bẹ́ẹ̀ ni Türkiye Bursları kì í gbà á. Ẹni tí ó bá ní kí o san owó kí orúkọ rẹ lè jáde, tàbí tí ó ní kí o fún òun ní nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì báńkì rẹ, olè ni, kódà bí ó bá fi sàláámà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ má sì gbára lé ìròyìn àná. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba àpapọ̀ fi ń rán ọmọ lọ sí òkè òkun lábẹ́ àdéhùn pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ní 2025 ni wọ́n kéde pé àwọn dá a dúró. Ẹni tí ó bá ṣì ń ta fọ́ọ̀mù rẹ̀ fún ọ ń jà ọ́ lólè ni.

Iṣẹ́ tiwa

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ohun tí a dábàá fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni èyí: kí ẹ yan ọ̀dọ́ kan tí ó mọ kọ̀ǹpútà, kí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé ní Àìkú àkọ́kọ́ oṣù kọ̀ọ̀kan yóò dìde lẹ́yìn wáàsí, yóò sì ka àwọn tí ó ń gba orúkọ lọ́wọ́ àti ọjọ́ tí wọn yóò tì í. Kí ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé jẹ́ ẹni tí ọmọ lè béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó wá bẹ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ ń yọ zakat, ẹ bi ààfáà yín nípa akẹ́kọ̀ọ́ aláìní. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó gbà pé ó lè tọ́ sí i.

Bàbá aránṣọ ta ẹ̀rọ kejì fún ọdún kìíní ọmọ náà. Wọ́n tún orúkọ rẹ̀ ṣe. Ní ọdún kẹta, ó rí ìrànwọ́ gbà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ mìíràn, ó sì ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó kan àbúrò rẹ̀, àwìn tí kò ní èlé ni ó fi wọlé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó sì jókòó tì í tí ó bá a yẹ ìwé rẹ̀ wò, lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni bàbá wọn ṣì ń lò. Bí a bá ti bi í léèrè nípa ìwé kó tó di pé ó ta ti àkọ́kọ́, bóyá mẹ́ta ni ì bá ṣì ní. Ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ kí ẹ tó béèrè.