"Inflammable" àti "Flammable": Ọ̀rọ̀ Méjì, Iná Kan

Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ agbépo tí ń ná òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, a máa ń rí ọ̀rọ̀ kan tí a kọ gàdàgbà: "Highly Inflammable". Lára àwọn mìíràn, "Flammable" ni a kọ. Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ kan léèrè ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì, ó ṣeé ṣe kí ó dáhùn kíá pé èkínní ni ohun tí kò lè gbiná, pé èkejì ni ohun tí ó lè gbiná. Akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Òfin tí a kọ́ ọ ní kíláàsì ni ó tẹ̀lé, òfin náà ni ó sì ṣì í lọ́nà. Ìtumọ̀ kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ní: ohun tí ó tètè ń gbiná.

Ohun tí olùkọ́ máa ń sọ ni pé bí "in-" bá ti ṣáájú ọ̀rọ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ yí padà sí òdì. "Visible" ni ohun tí a lè rí, "invisible" ni èyí tí a kò lè rí. "Correct" ni ohun tí ó tọ̀nà, "incorrect" ni èyí tí kò tọ̀nà. Ọmọ Yorùbá a tètè gba òfin yìí wọlé, nítorí ó jọ àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "àì-" tí ó bá nínú èdè abínibí rẹ̀: àìgbọ́ràn, àìmọ̀kan, àìnítìjú. "Àì-" kì í dalẹ̀. Ibi tí ó bá ti wà, kíkọ̀ ni ó ń kọ̀. Ṣùgbọ́n "in-" ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ojú kan ni ó ní, baba méjì ni ó bí i. Inú èdè Látìn ni baba méjèèjì ti wá. Ọ̀kan ń kọ ọ̀rọ̀. Èkejì ń sọ pé nǹkan wọ inú nǹkan. Ti èkejì yìí ni a bá nínú "inflammare", èyí tí í ṣe pé kí a ti iná bọ nǹkan. Láti ibẹ̀ ni "inflame" ti wá, àti "inflammation" tí àwọn dókítà ń lò nígbà tí ojú egbò bá wú, tí ó pọ́n, tí ó sì ń gbóná.

"Inflammable" ni ẹ̀gbọ́n. Ọdún 1813 ni a kọ́kọ́ rí "flammable" nínú ìwé, kò sì rí ẹni tẹ́wọ́ gbà á fún ìgbà pípẹ́. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ iná ni wọ́n jí i dìde. Láàrin ọdún 1920 sí 1929, ẹgbẹ́ National Fire Protection Association ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí rọ àwọn ènìyàn láti lò ó; ní 1959, British Standards Institution sọ ohun kan náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ọ̀rọ̀ má baà rújú. "Flammable" náà ni òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ìkẹ́rù eléwu ń lò lónìí.

Ìbẹ̀rù wọn kò ṣàìnídìí. Benjamin Lee Whorf, ará Amẹ́ríkà tí ó di gbajúmọ̀ nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ilé-iṣẹ́ adójútòfò iná kan ní ìlú Hartford ni ó ti ń jẹun láti 1919. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn òṣìṣẹ́ máa ń ṣọ́ra gidigidi lẹ́bàá àgbá tí epo bẹntiróòlù kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn a máa mu sìgá láìbìkítà lẹ́bàá èyí tí wọ́n ń pè ní òfìfo. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfìfo yìí ni ó léwu jù, nítorí afẹ́fẹ́ epo tí ó ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ lè bú gbàmù. Orúkọ tí a fún àgbá ni ó tú wọn lára.

Yorùbá tí ó kàwé ní Kétu tàbí Sákétẹ́, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kò níí ṣìnà níbi "inflammable", nítorí òun nìkan ni Faransé ní. "Ininflammable" ni wọ́n ń pe ohun tí kò lè gbiná. Ibòmíràn ni ẹsẹ̀ tirẹ̀ yóò ti yọ̀: "inhabitable" ní Faransé ni ibi tí kò ṣeé gbé, ní Gẹ̀ẹ́sì ibi tí ó ṣeé gbé ni.

Kì í ṣe pé kí a lé "inflammable" jáde kúrò nínú ìwé. Ẹni tí inú rẹ̀ kò jìnnà sí ìbínú, "inflammable" ni ó bá ìwà rẹ̀ mu. "Flammable" kò ṣe é lò fún un, ohun èlò ni ó wà fún. Ṣùgbọ́n lára ọkọ̀, lára ìgò àti àgbá, "flammable" ni ó yẹ, "non-flammable" sì ni òdì rẹ̀. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹwàá, 2024, ní Majiya ní ìpínlẹ̀ Jigawa, ó lé ní 140 ènìyàn tí ó kú nígbà tí epo tí ó dànù láti inú ọkọ̀ agbépo gbiná. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni ó pa wọ́n. Síbẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ bá ṣubú sí ẹ̀bá abúlé, ẹni tí ó mọ̀wé ni àwọn tí kò mọ̀wé yóò bi léèrè ohun tí a kọ sí i lára, ìdáhùn kan ṣoṣo ni ó sì ní àkókò láti fún wọn.

Nínú yàrá ìṣèwádìí ilé-ìwé, ìgò "ethanol" àti "acetone" wà tí ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà ṣì wà lára wọn. Olùkọ́ lè lẹ pépà kékeré kan mọ́ ọn lábẹ́, kí ó kọ ọ́ ní Yorùbá: Ó ń tètè gbiná.