Àwòrán Àtòpọ̀: Eré Ọwọ́ fún Ọmọ àti Ìdílé

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin alágbàtọ́ gbogbo, nígbà tí òjò bá ń rọ̀ tí ọmọ kò lè jáde lọ ṣeré, tàbí nígbà tí ẹ bá ń dáná alẹ́ tí ẹ kò fẹ́ kí ó súnmọ́ ààrò, kí ni ẹ máa ń fi sí i lọ́wọ́? Nínú ọ̀pọ̀ ilé lónìí, fóònù ni. Ọmọ a dákẹ́ lóòótọ́, ìyá a sì rí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ ọmọ tí ń wo àwòrán tí ń sáré kọjá yàtọ̀ sí ìdákẹ́jẹ́ ọmọ tí ń ronú. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde lórí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Wọ́n ní kí ọmọ ọdún 1 má wo tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù rárá, kí ti àwọn ọmọ ọdún 2 sí 4 má sì ju wákàtí 1 lọ lóòjọ́. Nígbà tí wọ́n ń kéde ìlànà náà, wọ́n dárúkọ ohun tí ó yẹ kí alágbàtọ́ máa bá ọmọ ṣe bí ọmọ bá jókòó: ìwé kíkà, ìtàn sísọ, orin kíkọ, àti títo àwòrán pọ̀. Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí ni a fẹ́ bá yín sọ, nítorí òun ni a kò mọ̀ tó nínú ilé wa.

Àwòrán àtòpọ̀ ni àwòrán tí a lẹ̀ mọ́ páálí tàbí pákó, tí a gé sí ègé, tí a sì da àwọn ègé náà rú kí ẹni tí ń ṣeré lè tún wọn tò títí àwòrán yóò fi pé. Pọ́súù ni àwọn olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ń pè é. Láàrin ọdún 1760 sí 1769, ọkùnrin kan ní London tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fífín àwòrán ilẹ̀, John Spilsbury, lẹ àwòrán ilẹ̀ mọ́ pákó, ó sì gé e ní ààlà orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan kí àwọn ọmọdé lè fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ibi tí orílẹ̀-èdè wà. Ọmọ olówó ni ó ń rí i lò nígbà náà. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1930, àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gé e nínú ilé wọn láti tà á, àwọn ilé iṣẹ́ sì ń fi páálí ṣe èyí tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé nǹkan ilé olówó ni. Ẹ lè fi ọwọ́ yín ṣe é, a ó sì sọ bí ẹ ó ṣe ṣe é.

Ìka tí ń mú ègé, tí ń yí i, tí ń tẹ̀ ẹ́ sí àyè rẹ̀, ni ìka tí yóò di pẹ́ńsù mú lọ́la. Ojú ọmọ ń kọ́ láti fi àwọ̀ wé àwọ̀, àti láti mọ èyí tí ó tọ́ yàtọ̀ sí èyí tí ó tẹ̀. Àwọn àgbà wa kò ṣe aláìmọ irú ẹ̀kọ́ báyìí. Ẹni tí ń ta ayò ọlọ́pọ́n a máa fi ojú inú wo ibi tí ọmọ ayò yóò parí sí kí ó tó gbé e.

Àwọn olùwádìí Yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2012. Wọ́n lọ sí ilé àwọn ọmọ 53 ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, láti ìgbà tí àwọn ọmọ náà wà ní oṣù 26 títí wọ́n fi di ọmọ oṣù 46, wọ́n sì ń wo bí òbí àti ọmọ ṣe ń lo ọjọ́ wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé ọdún 4 àtààbọ̀, wọ́n fi àwòrán tí a gé sí méjì hàn wọ́n, wọ́n ní kí wọ́n mú odindi tí ìlàjì méjèèjì yóò dà. Àwọn tí wọ́n ti rí tí ń to àwòrán pọ̀ nílé ṣe dáadáa ju àwọn tí kì í ṣe é lọ. Èyí kò túmọ̀ sí pé eré yìí nìkan ni ó fà á. Ilé tí ó ní àkókò láti bá ọmọ tò ó lè ní ohun rere mìíràn pẹ̀lú.

Apá kan wà nínú ìwádìí náà tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ń ṣe eré náà bákan náà ní iye ìgbà, ṣùgbọ́n àwọn òbí ń fún ọmọkùnrin ní èyí tí ó le jù, wọ́n ń jókòó tì í jù, wọ́n sì ń bá a sọ ọ̀rọ̀ tí ń júwe ibi tí nǹkan wà àti bí ó ṣe rí jù. Ọmọbìnrin ni ó sì hàn pé irú ìjókòótì bẹ́ẹ̀ ń ràn lọ́wọ́ jù. Ẹ̀yin náà ẹ wo ilé wa. Bí ọmọ méjì bá jókòó sí ìdí eré, ta ni a máa ń pè pé kí ó dìde wá fọ abọ́? Ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin parí àwòrán tirẹ̀. Abọ́ kò ní sá lọ, ọwọ́ ọmọkùnrin náà sì lè fọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni oògùn inú eré yìí. Bí ẹ bá da ègé sílẹ̀ fún ọmọ tí ẹ sì lọ, ìdajì èrè rẹ̀ ti bá yín lọ. Ẹ máa sọ pé: “Yí i sí apá ọ̀tún.” “Igun dà? Wá èyí tí ó ní igun.” “Orí ẹyẹ ni èyí. Ṣé òkè ni yóò wà ni, àbí ìsàlẹ̀?” Àwọn ọ̀rọ̀ bí òkè, ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́, àárín, títọ́ àti róbótó ni ọmọ yóò lò nígbà tí ó bá dé ìdí ìṣirò. Ẹ má ṣe já ègé gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó pẹ́, ẹ má sì pè é ní olódo. Bí ó bá ti ń fẹ́ bínú, ẹ to gbogbo rẹ̀ kù ku ègé kan, kí òun fi ìyẹn parí rẹ̀. Inú rẹ̀ yóò dùn bí ẹni pé òun ni ó tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ti bí a ó ṣe ṣe é, kò sí ilé tí kò ní kàlẹ́ńdà àtijọ́ lára ògiri: ti ẹgbẹ́, ti ìjọ, tàbí ti ọba tí ó ṣe ayẹyẹ ìwúyè. Ẹ mú èyí tí àwòrán rẹ̀ tóbi tí àwọ̀ rẹ̀ sì pọ̀. Àwòrán tí ojú ọ̀run tàbí aṣọ funfun bò lọ́pọ̀ kò dára fún ọmọdé, nítorí ègé rẹ̀ yóò jọra jù. Ẹ wá páálí tí ó nípọn tí kò rí omi rí. Ẹ ro sítáàṣì tí ó ki díẹ̀, ẹ fi kun ẹ̀yìn àwòrán dé etí, ẹ lẹ̀ ẹ́, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún láti àárín lọ sí etí kí afẹ́fẹ́ má baà há sí abẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tó gé e, ẹ gbé ohun wúwo lé e di ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó bá kánjú gé e ní tútù yóò rí i pé àwòrán yóò máa ṣí kúrò lára páálí. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí àgbàlagbà sì fi àlùmọ́gàjí mímú gé e. Fún ọmọ kékeré, ìlà títọ́ tó. Kò pọn dandan kí ègé há mọ́ra bíi ti èyí tí a ń tà.

Ọmọ tí ó ti ju ọdún 1 lọ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun kan ṣoṣo tí a ń fi sínú ihò tí ó bá a mu. Ègé 2 sí 4 tó ọmọ ọdún 2. Láàrin ọdún 3 sí 4, ẹ lè dé 6 sí 12. Lẹ́yìn èyí, ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò fi hàn yín.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ fi ara balẹ̀ ka ìyí. Ohunkóhun tí ó bá dé ọwọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ẹnu ni ó ń gbà lọ. Ẹ mú páálí róbótó tí ó máa ń wà láàrin tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ègé tí ó bá lè wọ inú rẹ̀ kọjá ti kéré jù fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Páálí tí itọ́ ti rọ̀ lè já lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà ẹ má ṣe fi ọmọ kékeré sílẹ̀ ní òun nìkan pẹ̀lú ègé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Bí nǹkan bá há ọmọ lọ́fun tí ó sì ń wúkọ́ kíkankíkan, ẹ jẹ́ kí ó máa wúkọ́. Bí kò bá lè wúkọ́, tí kò lè sunkún, tí kò sì lè mí, ẹ kígbe pe ìrànlọ́wọ́. Bí kò bá tíì pé ọdún 1, ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí apá yín kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju àyà rẹ̀ lọ, ẹ di àgbọ̀n rẹ̀ mú, kí ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàrin èjìká lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá jáde, ẹ yí i padà, ẹ fi ìka méjì tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ọmọ tí ó ti ju ọdún 1 lọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú kí ẹ gbá a lẹ́yìn lẹ́ẹ̀marùn-ún, lẹ́yìn náà kí ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ẹ di ẹ̀ṣẹ́ sókè ìdodo rẹ̀, lábẹ́ egungun àyà, kí ẹ fà á wọlé sókè lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ máa ṣe é ní àṣetúnṣe títí yóò fi jáde. Ẹ má fún un ní omi tàbí epo, ẹ má sì ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun láìrí ohun tí ó há. Ó lè tì í wọlé sí i. Bí ó bá dákú, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Kódà bí ohun náà bá jáde, ẹ gbé e lọ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìdí eré yìí náà ni ẹ ti lè kíyèsí ojú ọmọ. Ọmọ tí ó ń gbé ègé sún mọ́ imú kí ó tó rí i, tàbí tí ó ń ṣẹ́ ojú kan, yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ojú. Bí ọmọ ọdún 3 kò bá lè so ègé 3 pọ̀, kì í ṣe ohun ìpayà bí ó bá ń sọ̀rọ̀ dáadáa tí ó sì ń ṣeré. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ kò bá yọ lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú, ẹ mú un wá sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín.

Àwọn kan ń ra èyí tí ó ní ègé 500 tàbí 1,000 fún ìyá àgbà, pé kí ó má baà máa gbàgbé nǹkan. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí ní ìlú Ulm ní Jámánì jábọ̀ ìwádìí lórí ènìyàn 100 tí ọjọ́ orí wọn ti tó 50 sókè. Wọ́n ní kí apá kan máa tò ó fún wákàtí 1 ó kéré tán lóòjọ́, fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ìyàtọ̀ tí ó mú wá sí ọpọlọ wọn kò tó nǹkan láàrin àkókò kúkúrú náà. Nítorí náà, ẹ má fi rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó tò ó pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ nítorí pé ó dùn ún, kí ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ sì tó wọn. Àtùpà orí ẹní kò dára láàrin ọmọdé.

Nígbà tí eré bá parí, kí ọmọ fúnra rẹ̀ ka ègé sínú ike tí ó ní ìdérí, nítorí aáyán àti èkúté fẹ́ràn sítáàṣì. Ẹ kọ iye ègé sí ara ike náà. Bí àwòrán bá ti di mímọ̀ lórí fún ọmọ, ẹ tún gé ègé kọ̀ọ̀kan sí méjì, tàbí kí ẹ fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú aládùúgbò yín tí ó ṣe tirẹ̀.