Àpò Lẹ́ńsì Tó Ṣú Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ojú

“Dókítà, ṣebí ẹ ti yọ ọ́ kúrò!” Ohun tí aláìsàn sábà máa ń sọ nìyẹn bí ojú tí wọ́n ti ṣe bá tún ń rí bàìbàì lẹ́yìn oṣù díẹ̀, tí iná ọkọ̀ sì ń fọ́n ká mọ́ ọn lójú lálẹ́.

Wọ́n yọ ọ́ lóòótọ́. Kàtáráàtì, ìyẹn lẹ́ńsì ojú tó ti ṣú, kì í padà wá. Àpò rẹ̀ ló ṣú.

Inú awọ fẹ́lẹ́ kan ni lẹ́ńsì àdámọ́ wà, bí omi ọsàn ṣe wà nínú awọ tirẹ̀. Dókítà kì í fa àpò yìí tu. Á gé iwájú rẹ̀ ní róbótó, á fi ẹ̀rọ fọ́ lẹ́ńsì tó ti bàjẹ́ wẹ́wẹ́, á fà á jáde, á sì ki lẹ́ńsì àtọwọ́dá bọ inú àpò náà. Àmọ́ bó ti wù kí wọ́n fọ àpò tó, sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ á ṣẹ́ kù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n á máa rá lọ sẹ́yìn, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, wọ́n á máa bí sí i. Lábẹ́ ẹ̀rọ àyẹ̀wò, wọ́n á ṣù jọ bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ inú ọ̀gọ̀dọ̀.

Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ́tínà pọ̀ mọ́ ti kàtáráàtì, ṣíṣú àpò yìí sábà máa ń pọ̀ sí i. Kí ọwọ́ tó lè kan rẹ́tínà, awọ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ojú, wọ́n ní láti fa omi kíki inú ẹyinjú jáde. Iṣẹ́ náà pẹ́, inú ojú á wú, wíwú yìí á sì máa ru sẹ́ẹ̀lì sókè, pàápàá lára alátọ̀gbẹ. Gáàsì tí wọ́n fi ń ti rẹ́tínà mọ́ àyè rẹ̀ náà lè ti lẹ́ńsì tuntun síwájú díẹ̀. Nítorí ohun méjèèjì yìí, àwọn dókítà kan máa ń kúkú gé ihò sẹ́yìn àpò lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ó wù mí fún ẹni tí ilé rẹ̀ jìn sí ibi tí ẹ̀rọ lésà tí wọ́n fi ń tọ́jú àpò tó ṣú wà.

Lésà YAG ni ìtọ́jú àpò tó ṣú. Wọ́n á kán oògùn tó ń mú ọmọlójú fẹ̀, aláìsàn á gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, á máa gbọ́ “kẹ̀, kẹ̀” fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Kò sí abẹ, kò sí abẹ́rẹ́. Ihò kékeré á ti là láàárín awọ tó ṣú. Nǹkan dúdú lè máa fò lójú bíi kòkòrò fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣàdédé pọ̀, tí ojú ń kọ mànà, tàbí tí òjìji bo ẹ̀gbẹ́ kan bí aṣọ fèrèsé, kí ó lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà: rẹ́tínà lè ti ṣí.